Ẹni-Mímọ́ Lójú Agbẹ́gilére: Ogún Àwọn Ẹni-Mímọ́ Ìjọ Àgùdà láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì dé Ajah àti Lẹ́kì

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò bá ogún àwọn ẹni-mímọ́ ìjọ Àgùdà pàdé ní ọ̀nà tí kò jọra kí ó tó la Ìbẹ̀jù kọjá. Ní Lẹ́kì, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan wà tí wọ́n sọ ní Divine Mercy, èyí tí í ṣe Àánú Ọlọ́run. Orúkọ náà kò ti inú Ìwé Mímọ́ wá tààrà. Inú ìran tí sísítà kan rí ní ilẹ̀ Pólàńdì ni ó ti wá. Faustina Kowalska ni orúkọ sísítà náà. A bí i ní 1905, ó kú ní 1938 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 33, Póòpù John Paul Kejì sì kéde rẹ̀ ní ẹni-mímọ́ ní 30 oṣù Kẹrin, 2000. Bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú dé Ajah, yóò rí Lagos Business School, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Níwájú sí i, ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì, ni Pan-Atlantic University wà, yunifásítì tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò náà jẹ́ apá kan rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àlùfáà ará Spéìnì kan, Josemaría Escrivá, ni ó wú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ lórí. Nínú ọgbà yunifásítì yìí kan náà ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Yẹmisí Shyllon sí ní 2019.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí a sọ lórúkọ ìran, ilé-ẹ̀kọ́ tí a gbé ka orí ẹ̀kọ́, mùsíọ́ọ̀mù tí ère wà nínú rẹ̀: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó tan mọ́ ẹni-mímọ́. Ohun tí ojú ń wá tí kò rọrùn láti rí ní gbogbo ọ̀nà yìí ni àwòrán ẹni-mímọ́ tí ọwọ́ Yorùbá ṣe ní ìlànà Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Láàárín 1947 sí 1954, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá gbẹ́ Màríà, Jósẹ́fù àti àwọn Amòye ní ọ̀nà tí bàbá wọn fi ń gbẹ́ ère fún ọba àti fún òrìṣà. Àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí ó sọnù nígbà tí àṣà yẹn kò ta gbòǹgbò nínú ìjọ ju ère igi lọ. Òṣùwọ̀n tí Yorùbá fi ń wo ère ni ó sọnù pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn agbára láti sọ pé ère yìí dára, èyí kò dára, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òun ni ọmọ ilé-ìwé yóò bi léèrè pé ta ni ère tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni ó mú lọ́wọ́, kí sì ni ìdí tí kò fi jọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò.

Ẹni-mímọ́ àti àmì ọwọ́ rẹ̀

Nínú Bíbélì Yorùbá, 'àwọn ènìyàn mímọ́' ni a pe gbogbo àwọn tí ó gba Kírísítì gbọ́. Ìjọ Àgùdà lo ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tí ó há ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó ti kú, tí ìjọ yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò fínnífínní, tí ó sì kéde pé ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, tí àwọn alààyè sì lè bẹ̀ kí ó bá wọn gbàdúrà. Yorùbá kò ṣe àjèjì sí irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́ kí ó tó di òrìṣà; Mọrèmi jẹ́ aya ní Ifẹ̀ kí ó tó di ẹni tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà o, nítorí ìjọ kò gbà kí wọ́n sin ẹni-mímọ́, ọlá ni wọ́n ń bù fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yìí wà nínú ẹ̀kọ́ ju bí ó ti hàn sí ojú lọ, ojú sì ni ère ń bá sọ̀rọ̀.

Níbi tí àwọn méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn jù lọ ni àmì ìdánimọ̀. Nínú iṣẹ́ ọnà Yúróòpù, kì í ṣe ojú ni a fi ń dá ẹni-mímọ́ mọ̀, ohun tí ó mú lọ́wọ́ tàbí tí ó dúró tì ni. Pétérù mú kọ́kọ́rọ́. Jósẹ́fù mú òdòdó lílì. Barbara dúró ti ilé ìṣọ́, nítorí inú ilé ìṣọ́ ni bàbá rẹ̀ tì í mọ́. George wà lórí ẹṣin, ó ń gún ẹranko abàmì lọ́kọ̀. Agbẹ́gilére Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìlànà yìí fún un. Bí ó bá gbẹ́ oṣé, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ti Ṣàngó ni. Bí abẹ̀bẹ̀ idẹ bá hàn, Ọ̀ṣun ni. Bí irin ṣóńṣó orí tí ẹyẹ bà lé bá dúró, ti Ọ̀sanyìn ni. Èdè kan náà ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì ni ó kọ́kọ́ ka èdè méjèèjì pọ̀. Ní Kúbà, wọ́n wo Barbara tí ó wọ aṣọ pupa, tí ó mú idà, tí mànàmáná sì pa bàbá rẹ̀, wọ́n ní Ṣàngó nìyí, láìka pé obìnrin ni sí. Wọ́n wo Lásárù tí ó fi igi rìn, tí ajá ń lá egbò rẹ̀, wọ́n ní Ọbalúayé ni. Ní Bahia, Olúwa Bonfim tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lórí òkè di Ọbàtálá, Cosme àti Damião tí wọ́n jẹ́ ìbejì sì gba ipò Ìbejì. Àwọn onímọ̀ kan máa ń sọ pé ìfarapamọ́ lásán ni èyí, pé ẹrú fi ẹni-mímọ́ bo òrìṣà mọ́lẹ̀ kí olówó rẹ̀ má bàa fura. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí kéré ju ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò yan ẹni-mímọ́ bí ó ti wá sí ọwọ́. Wọ́n ka àmì, wọ́n fi wé àmì, wọ́n sì dájọ́. Lámèyítọ́ ni wọ́n. Ẹ̀fẹ̀ ìtàn ni pé nígbà tí Róòmù tún kàlẹ́ńdà àwọn ẹni-mímọ́ ṣe ní 1969, wọ́n yọ ọdún Barbara kúrò nínú kàlẹ́ńdà gbogbogbòò nítorí pé ẹ̀rí ìtàn rẹ̀ kò lágbára. Àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ ní Havana kò dá ọdún 4 oṣù Kejìlá dúró nítorí ìyẹn.

Díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà wálé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Àwọn ni Èkó ń pè ní Àgùdà, orúkọ wọn ni ó sì di orúkọ ìjọ Kátólíìkì lẹ́nu Yorùbá. Kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868, ọmọ ìjọ lásán kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ẹni tí ó ti Bahia dé, ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé ńlá fún ìjọ Holy Cross ní apá ìparí àwọn ọdún 1870, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ni ó ṣe é. Ilé ìsìn tí ó wà níbẹ̀ lónìí, tí wọ́n parí ní 1939, ni ó gba ipò tiwọn. Ó ṣe pàtàkì láti rántí pé ọmọ ìjọ, kì í ṣe àlùfáà, ni ó kọ́kọ́ gbé ogún àwọn ẹni-mímọ́ wọ Èkó, àti pé pẹ̀lú ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n gbé e wá.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì, 1947 sí 1954

Ibi-iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA. Fádà Sean O'Mahony àti Fádà Kevin Carroll ni ó wà nídìí rẹ̀. Carroll, tí a bí ní Liverpool ní 1920, ni ó kọ ìwé nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, Yoruba Religious Carving, tí ó jáde ní 1967. Èrò wọn rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí a pe àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà, kí a má kọ́ wọn ní ọnà Yúróòpù, kí a sọ ìtàn Ìwé Mímọ́ fún wọn, kí a sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ igi lé lọ́wọ́ ni George Bándélé, ọmọ Àrèògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére tí Èkìtì kò lè gbàgbé. Lọ́dọ̀ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti ṣe ọmọ-iṣẹ́. Mùsùlùmí ni Làmídì, Mùsùlùmí ni ó sì jẹ́ títí tí ó fi kú ní 2009.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò dá àwòrán tuntun sílẹ̀ láti inú òfìfo. Wọ́n yẹ àpò àwòrán tí wọ́n jogún wò, wọ́n sì mú èyí tí ó bá ìtàn mu. Àwọn Amòye tí wọ́n wá kí Jésù di ọba tí ó dé adé, tí ó sì wọ aṣọ Yorùbá. Ẹlẹ́ṣin sì ti wà nínú iṣẹ́ Èkìtì láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tí ó ti wo egúngún ẹ̀pà rí mọ̀ ọ́n dáadáa. Màríà bọ́ sí ipò ìyá ọlọ́mọ tí ó kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yìí ni ibi tí ọgbọ́n wọn ti jinlẹ̀ jù. Nínú àwòrán ìbí Jésù tí Yúróòpù ń yà, Màríà a máa kúnlẹ̀ láti júbà ọmọ. Lójú Yorùbá, obìnrin tí ó kúnlẹ̀ ń sọ ju ìyẹn lọ: ó ń kí, ó ń tọrọ, ó sì ń rántí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín ìyè àti ikú. Ìdúró ara kan ṣoṣo ni, ẹ̀kọ́ ìjọ àti ìrírí ilé sì jọ wà nínú rẹ̀. Kò sí ère P.O.P. tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù dà tí ó lè ṣe èyí, nítorí mọ́ọ̀dù kò mọ ẹni tí yóò wo ère náà.

Láti dá iṣẹ́ wọ̀nyí lẹ́jọ́, òṣùwọ̀n tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ni ó tọ́ kí á kọ́kọ́ gbé jáde. Carroll kọ ìpele tí Bándélé ń tẹ̀ lé sílẹ̀: ọnà-lílé, níbi tí ó ti ń la ìtì igi sí apá ńlá, alétúnlé, níbi tí ó ti ń yọ ojú, etí àti ọwọ́, dídán, níbi tí ó ti ń fi ọ̀bẹ mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti fínfín, ọnà wẹ́wẹ́ ìparí. Robert Farris Thompson, ní tirẹ̀, bá àwọn ará Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa ère ní àwọn ọdún 1960, ó sì tẹ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jáde ní 1973. Lára wọn ni jíjọra, pé kí ère jọ ènìyàn, kí ó má jọ ẹnìkan pàtó jù. Gígún, kí ara rẹ̀ dúró ṣánṣán. Àti ọ̀dọ́, kí ó wà ní àkókò tí agbára rẹ̀ pé. Fi ìtutù kún un, ìfarabalẹ̀ ojú tí í ṣe àmì ẹni tí ìwà rẹ̀ pé.

Bí a bá gbé àwọn òṣùwọ̀n yìí ka orí ẹni-mímọ́, ohun méjì hàn. Àkọ́kọ́, wọ́n bá a mu gan-an. Ìjọ kọ́ni pé ẹni-mímọ́ ti wà nínú ògo, pé kò dàgbà mọ́, kò sì ṣàìsàn mọ́. Ọ̀dọ́ àti ìtutù sọ èyí ju ojú tí ó ń sunkún lọ. Ère Jósẹ́fù tí kò ní ìhunjọ ojú, tí orí rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lójú dókítà lọ, ń sọ pé orí ni ó gbé ẹni yìí débi tí ó dé. Agbẹ́gi tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ère fún orí kò ṣe àṣìṣe ìwọ̀n. Ó ń sọ ohun tí ó gbà gbọ́ nípa ènìyàn.

Èkejì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn ẹni-mímọ́ jẹ́ ìtàn ìyà. Wọ́n yan Lọ́rẹ́ńsì lórí irin, wọ́n bó Bàtólómíù láwọ̀. Ọ̀nà Àgbélébùú, ibùdó mẹ́rìnlá, jẹ́ ìyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ni agbẹ́gilére tí wọ́n kọ́ pé kí ojú ère tutù yóò ṣe sí ara tí wọ́n nà lẹ́gba? Ní ibi yìí ni iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ àti ti àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ti máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí wàhálà: ọmọ-ogun ń lu ẹni tí ojú rẹ̀ kò yí padà. Ẹnìkan lè ní sùúrù ni ó ń fi hàn. Ẹlòmíràn lè ní ìlànà ni ó borí ìtàn. Ìdájọ́ kejì ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sì yẹ kí ìfẹ́ àṣà dí wa lójú sí i. Ẹni tí ó wá ojútùú sí ìṣòro yìí kì í ṣe agbẹ́gi. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Ùròbò, ẹni tí Carroll gbé iṣẹ́ fún, ya Ọ̀nà Àgbélébùú sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St Paul ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, ó sì ṣe àwòrán àtẹ̀lù mẹ́rìnlá lórí kókó kan náà ní 1969. Ó wọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní aṣọ ilẹ̀ wa, ó fi ọnà àdìrẹ kún un, ó sì jẹ́ kí ìlà àti àwọ̀ gbé ìrora tí ojú ère igi kò lè gbé.

Ẹ̀sùn méjì ni àwọn ènìyàn fi kan Ọ̀yẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní ìbọ̀rìṣà ni wọ́n ń gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò yẹ kí á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wọn tàbí àwọn fúnra wọn ni ó sun ère níná kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi, míṣọ́nnárì ni ó sì ní kí wọ́n sun ún. Pé àlùfáà òyìnbó mìíràn tún gbé ère padà wá lẹ́yìn ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún, ó yẹ kí ó rú wọn lójú. Ẹ̀sùn kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ ọnà wá: wọ́n ní ère tí ẹni tí kò gbà á gbọ́ gbẹ́ yóò ṣófo nínú. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Agbẹ́gilére Yorùbá kì í ṣe ẹlẹ́sìn gbogbo òrìṣà tí ó ń gbẹ́gi fún. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá lónìí lè gbẹ́ oṣé Ṣàngó lọ́la. Oníbàárà ni ó ń mú ìgbàgbọ́ wá, agbẹ́gi ń mú ojú-ọnà wá. Làmídì tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tí ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti University College, Ìbàdàn, ní àárín àwọn ọdún 1950, inú àṣà ni ó wà, kò ṣe ohun àjèjì.

Carroll fúnra rẹ̀ fún àwọn olùfisùn àkọ́kọ́ lésì pé púpọ̀ nínú ère Yorùbá kì í ṣe ti ìsìn pọ́ńbélé, pé ayé ọba, ìdílé àti ogun ni wọ́n ń fi hàn, nítorí náà ìjọ lè lò ó láìbẹ̀rù. Èsì yìí rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Kò rọrùn láti ya ọba kúrò lára òrìṣà ní Èkìtì, ẹni tí ó sì gbẹ́ obìnrin tí ó kúnlẹ̀ mọ ojúbọ tí irú rẹ̀ wà. Ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni pé àwòrán lè yí oníbàárà padà kí ó sì gbé ìrántí àtijọ́ dání, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bahia ti fi hàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa Ọ̀yẹ́ kì í ṣe ẹ̀sùn kankan. Ọjà ni. Àlùfáà nìkan ni oníbàárà. Kò sí ìjọ tí ó kó owó jọ láti ra ère lọ́wọ́ Bándélé bí ìdílé ọlọ́lá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ibi-iṣẹ́ náà parí ní 1954, àwọn agbẹ́gi ń bá iṣẹ́ lọ níbòmíràn, Carroll náà kò sì fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà kí ìjọ fúnra rẹ̀ pe agbẹ́gi kò sí.

Àwòrán tí ìran sọ bí yóò ṣe rí

Ọ̀rọ̀ Lẹ́kì wọlé níbí. Ìfọkànsìn Àánú Ọlọ́run yàtọ̀ sí ti àwọn ẹni-mímọ́ àtijọ́ nítorí pé ìran Faustina sọ bí àwòrán yóò ṣe rí: Jésù tí ó gbé ọwọ́ kan sókè fún ìbùkún, tí ìtànṣán méjì, pupa àti funfun, ń jáde láti àyà rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé kúkúrú nísàlẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò nílò agbẹ́gi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó. Ó lè dé ibikíbi, ó sì ti dé ibi gbogbo. Ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn yóò sọ pé kò sí àyè fún ọwọ́ Yorùbá nínú ohun tí ọ̀run ti yà tán.

Ìtàn àwòrán náà gan-an ni ó tako èrò yìí. Eugeniusz Kazimirowski ni ó kọ́kọ́ yà á, ní Vilnius, ní 1934, pẹ̀lú Faustina lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sísítà náà sunkún pé kò lẹ́wà tó ẹni tí òun rí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé kì í ṣe ti Kazimirowski. Adolf Hyła ni ó yà á ní Kraków nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn ikú Faustina. Ojú, ìdúró àti àyíká yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Hyła fi pápá sẹ́yìn Jésù, ó tún padà fi dúdú kùn ún nígbà tí wọ́n ṣàròyé. Róòmù pàápàá fòfin de ìfọkànsìn yìí ní ọ̀nà tí Faustina gbà kọ ọ́, láti 1959 sí 1978. Nítorí náà àwòrán tí a rò pé ó ti gbẹ bí òkúta ti kọjá lọ́wọ́ ayàwòrán méjì àti lábẹ́ ìwádìí ìjọ láàárín ọdún díẹ̀. Bí Hyła ti fi ojú ará Pólàńdì túmọ̀ rẹ̀, kò sí òfin tí ó ní kí ẹni tí ó mọ jíjọra má fi ojú tirẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ìtànṣán lára igi yóò fún un ní iṣẹ́, òótọ́ ni. Ẹni tí ó ti ń fín ìlà sára agogo Ifá kò ní sá fún un.

Ajah: ẹni-mímọ́ tí kò ní ère

Josemaría Escrivá mú ọ̀ràn mìíràn wá. A bí i ní Barbastro ní 9 oṣù Kìn-ín-ní, 1902. Ó dá Opus Dei sílẹ̀ ní Madrid ní 1928, ó kú ní Róòmù ní 1975. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1965. Ní 6 oṣù Kẹwàá, 2002, wọ́n kéde rẹ̀ ní ẹni-mímọ́, ọdún 27 péré lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ fúnra wọn sọ pé ó yá jù. Kókó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ òòjọ́, bí ènìyàn bá ṣe é dáadáa tí ó sì fi rúbọ sí Ọlọ́run, jẹ́ ọ̀nà sí ìwà mímọ́. Kò di dandan kí ènìyàn wọ ilé àwọn sísítà. Ayálégbé, agbẹjọ́rò àti aláṣẹ ilé-ìfowópamọ́ lè di ẹni-mímọ́ nídìí tábìlì wọn.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jọ àjèjì ní ilẹ̀ tí ọmọdé ti ń kọ́ ìyìn iṣẹ́ kí ó tó mọ ìwé kà. Ẹni tí ó fi ìyìn iṣẹ́ sí ẹnu ọmọ ilé-ìwé Yorùbá jù lọ, J. F. Ọdúnjọ, òǹkọ̀wé Aláwìíyé, ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ilé-ìwé Kátólíìkì ni ó sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín Ọdúnjọ àti Ajah tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Ọmọ oníṣẹ́ oko ni Ọdúnjọ kọ̀wé fún. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ń kọ́ ọ̀gá. Ó sì wà ní agbègbè tí ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ korò: ní oṣù Keje, 1990, ìjọba ológun wó Màrókò, níbi tí wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ń gbé, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì tú ká lọ sí Ìlasàn, Ìkòtá àti iwájú. Àwọn apẹja àti oníṣòwò kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ wọn náà ni Escrivá ń sọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wíwó Màrókò, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Kò sì tọ́ kí á gbàgbé pé àwọn tí ẹ̀kọ́ Escrivá wú lórí dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ̀kúnnù ní iṣẹ́ ọwọ́, bí Institute for Industrial Technology ní Èkó. Ìbéèrè ọnà ni ó kù. Ẹni-mímọ́ tí ó ní iṣẹ́ ni ogún òun, báwo ni wọn yóò ṣe gbẹ́ ẹ? Àwòrán fọ́tò rẹ̀ pọ̀: ọkùnrin tí ó wọ aṣọ àlùfáà dúdú, tí ó ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú awò ojú. Kò mú kọ́kọ́rọ́, kò gun ẹṣin. Fọ́tò ti gba ipò àmì, jíjọra sì ti di jíjọ pátápátá. Lójú Yorùbá àtijọ́, èyí tí ó jọ ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àkó, ère tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ fún òkú ọlọ́lá kí wọ́n tó sin ín lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe ti ojúbọ.

Mùsíọ́ọ̀mù, àti ère tí a kò tíì gbẹ́

Mùsíọ́ọ̀mù Yẹmisí Shyllon bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 iṣẹ́ ọnà tí Ọmọọba Yẹmisí Shyllon fi ta yunifásítì lọ́rẹ. Jess Castellote, ayàwòrán ilé ará Spéìnì tí ó ti pẹ́ ní Èkó, ni ó ya ilé náà, òun sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ère ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde-òní bí Onobrakpeya ti wà lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yẹ fún àròjinlẹ̀: ère tí ọwọ́ Yorùbá gbẹ́ fún òrìṣà rí ààbò nínú ọgbà tí ẹ̀kọ́ ẹni-mímọ́ ará Spéìnì bí, nígbà tí ère ẹni-mímọ́ nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa jẹ́ èyí tí mọ́ọ̀dù bí. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ-ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀ lè kọ́ wọn ní gígún, dídán àti ọ̀dọ́ níwájú ère gidi. Kí ó tó padà, kí ó mú wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì kan lójú ọ̀nà, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe tán. Nàìjíríà kò tíì ní ẹni-mímọ́ tí wọ́n kéde, ṣùgbọ́n Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Aguleri, tí a bí ní 1903, ti di Alábùkún-fún láti 22 oṣù Kẹta, 1998, nígbà tí John Paul Kejì wá sí Oba lẹ́bàá Onitsha. Àlùfáà ni, ó di mọ́ńkì Cistercian ní Mount St Bernard ní Leicestershire, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gbé títí ó fi kú ní 20 oṣù Kìn-ín-ní, 1964. Fọ́tò rẹ̀ wà. Àmì ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀ bí a ti ń fi kọ́kọ́rọ́ dá Pétérù mọ̀ kò tíì sí. Agbẹ́gi tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún lónìí yóò kọ́kọ́ pinnu bóyá fọ́tò ni yóò tẹ̀ lé tàbí jíjọra. Bóyá yóò gbẹ́ ẹni ọdún ọgọ́ta tí ó kú nínú òtútù Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ àlùfáà. Bóyá aṣọ funfun àti dúdú ti àwọn Cistercian tó, tàbí kí ó fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́. Ohun tí ó bá fi sí i lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò fi máa dá a mọ̀.